Ẹni tí omi lé kúrò nílé: ibo ló ń sùn lẹ́yìn ọdún kan?

Àwọn àgbà wa ló sọ pé òjò tó pa ẹyẹlé ló kó o pọ̀ mọ́ adìẹ. Ẹni tó bá ń gbé ní Mowé, Ìbàfò, Magbọrọ, Warewa títí dé Ìṣẹ́rì, tàbí ẹni tó ń gbé ní Akute lápá ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òwe yìí fún un. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, tí odò Ògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í balẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, wọ́n á gbé àpò gààrí sórí àga, wọ́n á máa gbàdúrà. Bí omi bá wá wọlé tán, ẹyẹlé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí adìẹ ń sùn.

Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà. Mo dé fún ìsinmi, mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ìyàwó wọn àti ọmọ mẹ́ta nínú pálọ̀ wa. Omi ti gba yàrá méjì tí wọ́n háyà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àwọn máa lò. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n lò. Ìyá mi kò fi ọjọ́ kan sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n mo rí bí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe ń tètè gbẹ, mo sì rí bí ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ dàgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ara wọn láàárọ̀.

Ní oṣù kẹta tí wọ́n dé, a gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo àwọn tí omi lé jáde ti padà sílé wọn. Orí ẹní tí wọ́n fi ń sùn nínú pálọ̀ wa ni ẹ̀gbọ́n náà jókòó sí tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn nawọ́, wọ́n pa rédíò náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ní àwọn ti fún àwọn aláìnílé ní ibùgbé pàjáwìrì, kí ni a fi ń mọ̀ bóyá ètò náà yọrí sí rere? Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni iye àpò ìrẹsì, iye ẹní, iye fóòmù àti iye páálí núdù. A ó rí àwòrán ọ̀gá kan tó ń gbé bùkẹ́ẹ̀tì lé obìnrin arúgbó lọ́wọ́. Gbogbo èyí dára, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ọ̀rọ̀ yó. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ṣe ilé. Ní tèmi o, ohun kan ṣoṣo ló yẹ ká fi wọn ètò ilé pàjáwìrì: ibo ni ẹni náà ń sùn lẹ́yìn ọdún kan? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, a kò tíì mọ̀ bóyá ètò náà ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ìrẹsì pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 lápá Abẹ́òkúta, wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun. Bí òjò bá pọ̀ jù, àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù náà gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, kí dáàmù fúnra rẹ̀ má baà ya. Omi yìí á gba inú odò Ògùn wá, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, á sì máa lọ sí ọ̀sà. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ báyìí pọ̀ débi pé ó bo ilé tó pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò tó wà létí odò náà. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó sá kúrò nílé.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní ibùdó kan ní Àgbọ̀wá, wọ́n sì kó àwọn tó fẹ́ lọ síbẹ̀. Ó yẹ ká kí wọn fún ìyẹn, torí ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé gbígbẹ sàn ju ẹni tó ń sùn sórí àjà lọ. Àmọ́ ẹ wo bí Àgbọ̀wá ṣe jìnnà tó. Ó kọjá Ìkòròdú, ó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń ta tòmátò ní Mile 12, tó gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ọkọ̀ ẹrù tó dé ní ìdájí, báwo ló ṣe fẹ́ máa ti Àgbọ̀wá wá? Ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Bí àgọ́ bá gba ènìyàn lọ́wọ́ omi, tó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà míràn ló tún là fún un láti di aláìnílé. Ẹni tí kò rówó pa kò lè rówó ilé san.

Bí a bá tún sún mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa kò ní gbàgbé Maroko. Ní oṣù keje 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó, katapílà wọ Maroko, wọ́n sì lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde. Ìjọba ṣètò ilé fún wọn ní Ìlàsàn àti Ìkòtá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yìí, nǹkan bí 3,000 onílé ni wọ́n gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé. Ayálégbé kò sí nínú ìṣirò. Àwọn kan tó sì rí ilé gbà bá a láìparí. Lórí ìwé, ètò ìtúnnilégbé wà. Ní ti òótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wábi gbà fúnra wọn, oníkálukú sì ń lọ síbi tí owó rẹ̀ bá ká.

Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló tún ṣẹlẹ̀ ní Badia East ní oṣù kejì 2013. Nǹkan bí 9,000 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ pariwo títí, owó jáde fún wọn, nítorí owó Báńkì Àgbáyé wà nínú iṣẹ́ tó kan àdúgbò náà. Onílé ńlá gba nǹkan bí N310,000. Ayálégbé gba nǹkan tó lé díẹ̀ ní N90,000. Ẹ̀yin tí ẹ ti háyà ilé l'Ékòó rí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó ilé ọdún méjì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó ajẹ́ńtì, owó ọkọ̀ tó kó ẹrù. Kí ni N90,000 máa rà nínú rẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ó pé kí owó náà tó dé? Ẹni tí ilé rẹ̀ wó lónìí, òru òní ló fẹ́ sùn.

Ti Otodo-Gbame tún burú ju èyí lọ, nítorí kò sí àgọ́, kò sí owó. Láàárín 2016 sí 2017, ó lé ní 30,000 ènìyàn tí wọ́n lé kúrò létí omi níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìfi ibòmíràn hàn wọ́n tako òfin ilẹ̀ wa, ó sì ní kí ìjọba bá wọn jókòó lórí ibi tí wọ́n máa gbé. Àwọn tó ń gbé ní Mowé àti Ìbàfò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Èkó fi kàn wá. Gbogbo ìgbà tí ilé bá wó tàbí tí owó ilé bá gbówó lórí l'Ékòó, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọ̀pọ̀ ń sá wá. Ilẹ̀ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rà tàbí láti háyà, létí odò ni. Bí omi bá tún lé wọn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Àwọn kan máa ń rò pé aláìnílé ni ọ̀lẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 2024, kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé àwọn rí yàrá 86 tí àwọn ènìyàn kọ́ sábẹ́ bíríìjì Dolphin Estate. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń san owó ilé, ó sì tó nǹkan bí N250,000 lọ́dún. Ẹni tó ń san N250,000 lábẹ́ bíríìjì kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ ni. Ohun tí kò ní ni ilé tí agbára rẹ̀ ká nítòsí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó dára kí ènìyàn máa gbé abẹ́ bíríìjì. Síbẹ̀ ìbéèrè wa kò tíì kúrò nílẹ̀: ibo ni wọ́n ń sùn lẹ́yìn ọdún kan?

Ó yẹ kí n gbọ́ tẹnu ìjọba náà, torí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NEMA ti ìjọba àpapọ̀ àti SEMA ti ìpínlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí iná bú gbàmù ní Abúlé Àdó ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta 2020, ibùdó ìjọba tó wà ní Ìgàndo ni wọ́n kó àwọn kan nínú àwọn tí ilé wọn bàjẹ́ lọ. Ká ní kò sí Ìgàndo, gbangba ni wọn ì bá sùn. Ìjọba tún máa ń sọ pé ẹ̀bi àwa ará ìlú wà níbẹ̀, pé a kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò, a sì ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Òótọ́ ni. Mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹni tó ta ilẹ̀ àbàtà fún ọmọlọ́mọ, tàbí ẹni tó gbé àpò ilẹ̀ dí ojú àgbàrá. Ṣùgbọ́n ayálégbé kọ́ ló ta ilẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé pílánù. Kí a sì tó bi ẹni tó ń rì sómi pé kí ló wá ṣe létí odò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fà á jáde.

Àwọn míràn á ní owó ni kò sí. Ẹ jẹ́ ká wo orílẹ̀-èdè tí owó wà. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn káńsù kó gbogbo ẹni tó ń sùn síta wọlé, wọ́n sì kó wọn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 2021, wọ́n ní àwọn ti ran nǹkan bí 37,000 ènìyàn lọ́wọ́. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tún ka iye àwọn tó ti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ sí ilé tí wọ́n á lè gbé pẹ́, ó sì lé ní 26,000. Iye kejì yìí ni mo ń sọ. Òun ni ètò tiwa kì í sọ fún wa.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn lọ́dọ̀ àwọn náà o. Bí ètò yẹn ṣe ń parí, àwọn tó ń sùn síta tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n kà wọ́n ní 2021, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 2,400. Ní 2023, wọ́n ti di nǹkan bí 3,900. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń kà á lọ́dọọdún, ará ìlú mọ̀, wọ́n sì lè fi bi ìjọba léèrè. Ní tiwa, bí àgọ́ bá ti túká, ìtàn parí nìyẹn. Ẹni tí a kò kà, bí ẹni tí kò sí ni.

Ohun kan tún wà tó ń yà mí lẹ́nu nípa orúkọ tí a fún ètò yìí. A ń pè é ní pàjáwìrì. Pàjáwìrì wo ló ń ní kàlẹ́ńdà? Gbogbo wa la mọ̀ pé láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni odò Ògùn máa ń kún jù. Àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù mọ oṣù tí wọ́n máa tú omi púpọ̀ sílẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Síbẹ̀, nígbà tí omi bá dé, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la tún máa sáré lọ ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú omíyalé ńlá ti 2012, tó pa 363 ènìyàn ní Nàìjíríà, tó sì lé ní 2,000,000 ènìyàn tó sá kúrò nílé. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, kíláàsì ni wọ́n kó wọn sí. Bí ènìyàn bá ń sùn ní kíláàsì, ọmọ kò lè kàwé níbẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ kàwé, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, yálà omi ti gbẹ nílé wọn tàbí kò tíì gbẹ.

Kí ló yẹ ká ṣe ní Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ifọ̀? Èkíní, kí káńsù kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ara tutù. Ẹgbẹ́ onílé wà ní gbogbo àdúgbò, wọ́n mọ ilé tí omi máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ orúkọ onílé nìkan. Kí wọ́n kọ ti ayálégbé, ti opó tó háyà yàrá kan, ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe Maroko nìyẹn, kò yẹ ká tún un ṣe.

Èkejì, kí àgọ́ wà nítòsí iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́. A kò ṣaláìní àyè. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yìí, àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní ibùdó àdúrà ńláńlá, tí gbọ̀ngàn, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Ti Redemption City ní Mowé nìkan tó ìlú kan. Kí ìjọba bá wọn jókòó kí òjò tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà, ọjọ́ mélòó, ta ló máa san owó iná àti omi. Kí wọ́n má ṣe béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Omi kì í béèrè kó tó wọlé.

Ẹ̀kẹta, tí mo kà sí pàtàkì jù lọ, ni owó ilé. Dípò kí a máa bọ́ ènìyàn nínú àgọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí a sì ní kí ó padà sínú ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjọba san owó ilé oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan fún un lórí ilẹ̀ tó ga, kí wọ́n san án tààrà fún onílé. Kí wọ́n sì rántí ẹbí tó gba àlejò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgọ́ pàjáwìrì tó tóbi jù ni pálọ̀ ìbátan. Kò sí kọmíṣọ́nnà tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ẹni tó ń gbé ìrẹsì lọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n padà wá kà wọ́n. Nọ́ńbà fóònù wà lórí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n pè. Lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n tún pè. Kí wọ́n bi í pé: ibo lẹ wà báyìí? Ṣé iṣẹ́ wà? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́? Kí wọ́n sì kéde èsì náà lórí rédíò, bí wọ́n ṣe ń kéde iye àpò ìrẹsì.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí láti máa sọ èyí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jókòó nípàdé onílé, ẹ̀yin ni alága káńsù ń wá kí nígbà ìbò. Nígbà míràn tí wọ́n bá wá sọ iye ẹní tí wọ́n pín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n pé ibo ni àwọn tí wọ́n pín in fún lọ́dún tó kọjá ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìdílé wọn kúrò nílé wa níkẹyìn. Kì í ṣe ìrẹsì ló gbé wọn kúrò, kì í sì í ṣe fóòmù. Ìyá mi ló kó àjọ, wọ́n fi san owó ilé ọdún kan fún wọn ní yàrá kan lórí òkè, níbi tí omi kò lè dé. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó lọ, bàbá mi lọ bẹ̀ wọ́n wò. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú ilé, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́. Ohun tí obìnrin kan fi owó àjọ ṣe, ìjọba lè ṣe é.